Ṣé èèyàn lè gé igi bí ẹni gé iṣu, kó fi ṣe ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin káfíńtà ibí. Télọ̀ ni mí, mo gba fúrídọ́ọ̀mù lọ́dún tó kọjá, mo ti wá rí ṣọ́ọ̀bù kan lápá Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12. Sìmẹ́ńtì lásán ló wà nílẹ̀ ẹ̀, ó sì ti ń họ. Bàbá mi tó ti dolóògbé fi òpó tíìkì 9 sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa, fọ́ báì fọ́ (ìǹṣì mẹ́rin sí mẹ́rin), ẹsẹ̀ 12 ni gígùn ìkọ̀ọ̀kan wọn, ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti wà lábẹ́ páànù. Mo rí fídíò kan tí òyìnbó kan gé igi wẹ́wẹ́ bí ẹni gé iṣu, ó wá ń to ojú ibi tó gé yẹn sílẹ̀ bíi táìlì, end grain ni wọ́n pè é. Ó wù mí kọjá sísọ. Mo sọ ọ́ fún onítáìlì tó wá wọn ṣọ́ọ̀bù, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní igi ìdáná ni mo fẹ́ tẹ́ sílẹ̀ yẹn, pé tí òjò méjì bá ti rọ̀, mo máa fẹsẹ̀ ara mi wá pe òun. Ṣé òótọ́ ló sọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi o.

———

Kò sẹ́ni tó máa bú ẹ, àbúrò mi. Káfíńtà ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ yìí náà ni mo wà, irú ilẹ̀ yẹn ló sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Ó dójú tì mí kó tó gbé mi níyì, ṣùgbọ́n màá dé ibẹ̀.

Onítáìlì yẹn sọ òótọ́ kan, ó wá pa irọ́ kan mọ́ ọn. Irọ́ ni ti igi ìdáná. Lọ sọ́jà, ìbáà ṣe Ọjà Jagun níbí, ìbáà ṣe Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́, kó o wo nǹkan tí alápatà fi ń gé ẹran. Ṣé pákó ló tẹ́ sílẹ̀ ni? Kùkùté ló gbé nàró, orí ibi tí wọ́n ti gé igi yẹn gan-an ló ń sọ àdá lé, látàárọ̀ dalẹ́, ọdún ń gorí ọdún, kùkùté ò sì lọ síbì kan. Tó bá jẹ́ pákó tó sùn sílẹ̀ ló ń gé e lé, kó tó di oṣù kan èérún igi á ti kún inú ẹran oníbàárà. Odó iyán ńkọ́? Ìtì igi tó dúró ni wọ́n gbẹ́ láti òkè wọnú lọ, isàlẹ̀ odó tí ọmọ odó ń lù yẹn, ojú ibi tí igi ti dá ní ìbú ni, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ igi. Ìyá àgbà fi gúnyán fún ilé ọkọ títí, ó kú, odó ò kú, ọmọọmọ ń gún un lọ.

Ohun tó fà á ò le rárá. Mú ìgbálẹ̀ kan, dì í dáadáa, gbé e nàró lórí tábìlì, kó o wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ lórí. Kò ní ṣe nǹkan kan. Wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó o fi ọ̀bẹ máa rẹ́ ẹ ní ìbú, wà á máa rí i tí yóò máa dá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ara igi náà ṣe rí nìyẹn, okùn tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń fa omi láti gbòǹgbò lọ sókè ló pọ̀ jọ tá à ń pè ní igi. Tó o bá to ojú tó o gé yẹn sókè, orí ìgbálẹ̀ ni bàtà ń tẹ̀, kò rí okùn kankan tó máa fà ya. Èmi ń pe ìyẹn ní igi ìdúró, mò ń pe ti pákó ní igi ìdùbúlẹ̀, kí n má baà máa la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Òótọ́ tó sọ ni ti òjò. Ìyẹn la máa jà lé lórí.

———

Háà, mo kan lọ jẹun dé ni, ẹ ti kọ tó báyìí.

Èyí tó pọ̀ jù nínú yín ń pariwo ikán. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n igi wo lẹ ń sọ? Arère? Arère ni, ẹ ò tíì gbé e délé tí kòkòrò á ti wọ̀ ọ́. Tíìkì ò rí bẹ́ẹ̀, àárín ẹ̀ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ yẹn, ikán kì í fẹ́ ẹ, ó korò lẹ́nu wọn. Ìrókò bẹ́ẹ̀, apá bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń rí àwọn èèyàn mú ni ẹ̀gbẹ́ funfun tó wà lẹ́yìn igi, ìyẹn ò ní agbára kankan, ti tíìkì o, ti ìrókò o. Òpó fọ́ báì fọ́ sì sábà máa ń ní funfun ní igun kan tàbí méjì, pàápàá tí igi ò bá dàgbà tó kí wọ́n tó gé e. Àbúrò mi, tó o bá gé e tán, wo ojú ìkọ̀ọ̀kan, èyí tí funfun bá ti gba ìdajì ẹ̀, ìyẹn ni igi ìdáná tí onítáìlì ń sọ.

Bọ̀ọ̀dá tó ní èèyàn kì í tẹ ìrókò mọ́lẹ̀ nítorí àwọn tó ń gbénú ẹ̀, ẹ̀yin ni mo bọ̀wọ̀ fún, ṣùgbọ́n àga tẹ́ ẹ jókòó lé tẹ́ ẹ fi ń kọ ọ́ yẹn, ẹ yẹ ìdí ẹ̀ wò. Ohun tí èmi mọ̀ tí ìrókò ń ṣe fún èèyàn ni lẹ́búlẹ́bú ẹ̀, ó máa ń yún ara, ó máa ń di àyà pa, ẹ fi nǹkan bo imú tẹ́ ẹ bá ń là á. Ti tíìkì náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan wá ní nǹkan òyìnbó ni, pé ojú ọjọ́ tiwa ò gbà á. Ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé-Ifẹ̀ ò ju ibi tá à ń wọkọ̀ lọ. Àpáàdì ni wọ́n tò sílẹ̀ níbẹ̀ láti nǹkan tó lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún, ìtàn ní Ọ̀ọ̀ni Lúwòó, ọba obìnrin, ló ní kí wọ́n ṣe é kí ẹrẹ̀ má baà máa kan òun lẹ́sẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó, wọn ò tẹ́ àpáàdì sílẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹni tẹ́ ẹní, etí ẹ̀ ni wọ́n gbé nàró, wọ́n fún un mọ́ra wọn, òmíì tiẹ̀ rí bí egungun ẹja. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ á ti fọ́ nígbà tí ẹlẹ́rù àkọ́kọ́ bá gorí ẹ̀. Èrò kan náà ni, igi nìkan ló yàtọ̀.

Àwọn òyìnbó náà ṣe tiwọn, wọ́n fi to títì. Ní Boston, Samuel Nicolson bẹ̀rẹ̀ sí to igi báyìí sójú títì ní 1848, Chicago gbà á, London gbà á, àwọn ará London ń gbé igi jarrah wá láti Australia nítorí ẹ̀. Ariwo ló lé wọn débẹ̀, ẹsẹ̀ ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ onírin lórí òkúta kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ara ẹ̀. Orí igi máa ń dákẹ́. Ìwọ télọ̀ tí máṣíìnì ẹ máa máa ké nínú yàrá kékeré, ro ìyẹn wò.

———

"Ọ̀gá káfíńtà, èmi gan-an onítáìlì ni mí, kì í ṣe èmi ni mo wọn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́ fún ọmọ yìí. Táìlì, ọjọ́ mẹ́ta mo ti parí, wọ́n ti ń mọ́pù ẹ̀. Tiyín ńkọ́?"

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni tèmi gbà, ọ̀sẹ̀ kan nínú ẹ̀ jẹ́ sáńpépà nìkan. Orí igi le ju ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ, ìfági kì í gbé e dáadáa, ńṣe ló máa ń ya etí ẹ̀. Ẹ̀rọ sáńpépà lèèyàn ń lò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 40, ẹ máa bọ̀ wá sí 80, ẹ wá sí 120, ẹ̀yìn á sì ro yín. Tẹ́ ẹ bá ka owó iṣẹ́ mọ́ ọn, táìlì dín lówó, mi ò ní bá yín jiyàn. Ẹni tó bá máa gbé igi ra látilẹ̀ kó tó ṣe é, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn.

Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ní igi nílé, télọ̀ sì ni. Áyọ́ọ̀nù máa jábọ́. Ó máa jábọ́ ni, kò sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí kì í jábọ́. Tó bá bọ́ lu táìlì, táìlì á là, ẹ máa wá ọ̀kan tó bá a mu títí, kò ní sí lọ́jà mọ́. Tó bá bọ́ lu igi ìdúró, á jìn díẹ̀ bóyá, ó tán. Sísọ́ọ̀sì ńkọ́? Sísọ́ọ̀sì tó bọ́ lu táìlì, ẹnu ẹ̀ ti kú nìyẹn. Ìdí tí àwọn ilé iṣẹ́ onírin ní Amẹ́ríkà fi ń tò ó sílẹ̀ nìyẹn, kí irin tó bá bọ́ má baà bàjẹ́, kí ilẹ̀ náà má baà bàjẹ́, kí ẹsẹ̀ ẹni tó ń dúró látàárọ̀ má sì máa ta. Àwọn télọ̀ tó ń dúró gé aṣọ lórí táìlì tàbí sìmẹ́ńtì, ẹ bi wọ́n léèrè nípa gìgísẹ̀ wọn.

———

Ó yá, ti ìtìjú tèmi.

Oṣù kìn-ín-ní ni mo to ti ṣọ́ọ̀bù mi, ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an, ètè gbogbo èèyàn ń là. Àjẹkù pákó tí mo ti ń kó jọ látọjọ́ pípẹ́ ni, apá wà níbẹ̀, ìdígbó wà níbẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló gbẹ táútáú. Mo wá ṣe bí ọ̀gá, mo fún un mọ́ra débi pé ẹnu ọ̀bẹ ò lè wọ àárín ẹ̀, láti ògiri dé ògiri, mo tún fi òòlù gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé kó lè há. Àwọn èèyàn ń yà wá wò ó. Ẹnì kan tiẹ̀ ya fọ́tò ẹ̀, mo dúró síbẹ̀ bí ọkọ ìyàwó. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ilẹ̀kùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í ha nílẹ̀, mo ní fírémù ló ń jìn, mo fági sí ìdí ilẹ̀kùn. Oṣù kẹfà, páànù jò lóru, omi sùn lórí ilẹ̀ yẹn mọ́jú. Mo dé láàárọ̀, ilẹ̀kùn ò ṣí. Ojú fèrèsé ni mo gbà wọlé, ọkùnrin tó lọ́mọ mẹ́rin. Àárín ilẹ̀ ti wú sókè bí ẹ̀yìn ìjàpá, bẹ́ǹṣì mi fara ti ògiri bí ẹni tó mutí yó, tó o bá tẹ ibi tó wú yẹn, á máa dún gbọ̀ọ̀ bíi gángan tí wọ́n ò tíì sá sóòrùn.

Ẹ̀bi igi kọ́, ẹ̀bi páànù gan-an kọ́, ó kàn parí ohun tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀, torí ibí lọ̀rọ̀ wà. Igi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn sí i tàbí kó kúrú sí i tó bá mumi tàbí tó bá gbẹ, gígùn ẹ̀ kì í yí padà tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló ń wú tó sì ń súnkì. Pákó tó dùbúlẹ̀, ìbú ẹ̀ nìkan ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹ mọ apá ibi tó máa gbà wú. Igi ìdúró, gígùn ẹ̀ ti kọjú sókè, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì ló wà nílẹ̀, torí náà ó ń wú lọ sápá iwájú, ó ń wú lọ sápá ọ̀tún. Orí igi yẹn náà sì ni ẹnu tí igi fi ń mumi, omi máa ń gba ibẹ̀ wọlé ní ìlọ́po tó lé ní mẹ́wàá ju bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ẹnu ló ṣí sókè yẹn, ẹ wá da omi sí i.

Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀. Yàrá ẹsẹ̀ 10, ìǹṣì 120 nìyẹn. Kí igi wú ní ẹyọ kan péré nínú ọgọ́rùn-ún láti ọyẹ́ dé àárín òjò, ìǹṣì kan lé díẹ̀ ló ń wá ibi tó máa fi sí. Ògiri ò lè sún. Òkè ló máa gbà.

Kí ẹ má rò pé èmi nìkan ni. Oṣù kìn-ín-ní 1910, odò Seine kún, omi wọ ìlú Paris, igi tí wọ́n tò sójú títì wú, ó tú kúrò nílẹ̀, ó ń léfòó kiri lórí omi. Odidi Paris. Mo ka ìyẹn lẹ́yìn tí tèmi ti wú tán, ó sì tù mí nínú díẹ̀.

Bí mo ṣe tún un ṣe: mo yọ ìlà kan kúrò lẹ́bàá ògiri méjèèjì, mo fi sílẹ̀ kó gbẹ fún nǹkan bí oṣù méjì, èyí tó tú nílẹ̀ mo lẹ̀ ẹ́ padà, mo fi àlàfo ìdajì ìǹṣì sílẹ̀ yíká, mo fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó lójú lára ògiri, pákó yẹn, ògiri ni mo kàn án mọ́, mi ò kàn án mọ́ ilẹ̀. Mo tún páànù ṣe náà o. Látìgbà yẹn, kò tíì wú.

———

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fọ́tò ẹ̀ka máńgò róbótó róbótó ránṣẹ́, ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tò ó. Róbótó tó ní ọkàn igi láàárín máa là ni, bí ẹni gé kéèkì. Bí igi ṣe ń súnkì yíká etí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń súnkì láti etí wọ àárín, kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é tí kò ní fàya. Onígun mẹ́rin tí wọ́n là lára igi ńlá, tí ọkàn igi ò sí nínú ẹ̀, ìyẹn ló máa ń dúró. Máńgò tún ni, ikán á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

———

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an, mo ti ń bẹ̀rù díẹ̀ báyìí. Ẹnì kan ṣírò ẹ̀ fún mi nísàlẹ̀ yìí pé òpó 9 mi á kárí gbogbo ṣọ́ọ̀bù, pé ègé 9 ló máa wọ ẹsẹ̀ kan sí ẹsẹ̀ kan, ní ọ̀nà 120, ó jẹ́ 1,080. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ìṣirò ẹ̀ péye, igi ni kò péye. Gbé téèpù, wọn òpó yẹn. Fọ́ báì fọ́ tí wọ́n ń tà fún wa nílùú yìí, ìgbà wo ló pé mẹ́rin? Mo lè ta tẹ́tẹ́ pé ìǹṣì mẹ́ta àbọ̀ ni.

Tó bá jẹ́ mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́ta àbọ̀, wà á nílò nǹkan bí 1,411 láti kárí ẹsẹ̀ 10 sí 12. Òpó kan, ìǹṣì 144 ni, tó o bá gé e ní ìǹṣì kọ̀ọ̀kan, ẹnu ayùn á jẹ ìdá kan nínú mẹ́jọ ìǹṣì nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá, torí náà 128 lo máa rí lára òpó kan, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án igi bàbá ẹ á di sọ́dọ́ọ̀sì. Òpó 9, ìyẹn 1,152. Kò tó. Ẹnì kan á ní kó o gé e ní ìdajì ìǹṣì kó lè pọ̀. Má dá a lóhùn. Ìdajì ìǹṣì ní orí igi, tó o bá jù ú sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì á dá sí méjì bíi bísíkíìtì, torí okùn tó so ó pọ̀ ní ìbú ò lágbára, ìgbálẹ̀ yẹn náà ni.

Ṣùgbọ́n wo ibi tí Ọlọ́run gbà ṣe é. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ ni òjò ń fẹ́ wọ̀, ibẹ̀ ni oníbàárà ń nu ẹrẹ̀ Under G sí. Ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí igi wà tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀. Jẹ́ kí onítáìlì ẹ yẹn wá tẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta tó wà níwájú, kó lè rí nǹkan jẹ, inú á sì rọ̀ ọ́. Inú lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ 10 sí 9, lábẹ́ máṣíìnì àti tábìlì tó o fi ń gé aṣọ, ibẹ̀ ni kó o to igi sí. 1,058 lo nílò. Ó ṣẹ́ kù bí 94, nǹkan bí mẹ́wàá lórí òpó kọ̀ọ̀kan fún funfun àti èyí tó bá là lórí. Sọ fún un kó gbé táìlì ga bá igi, kó má sì fi sìmẹ́ńtì dí ààlà wọn pa, kó fi ìdajì ìǹṣì sílẹ̀, ẹ fi irin aluminíọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ bò ó.

Kọ́nà tó o ti ń lọ aṣọ náà, táìlì ni. Mo mọ̀ pé tí NEPA bá mú iná lọ, áyọ́ọ̀nù eléèédú lẹ ń gbé jáde, ẹ̀ṣẹ́ná kan tó bá ta sílẹ̀ á fi ojú dúdú sílẹ̀ tí sáńpépà ò ní lè pa.

———

Ti gọ́ọ̀mù àti òróró, mo rí i pé ẹ ti fẹ́ ju ara yín lókùúta.

Kí ẹ tó lẹ ohunkóhun, ẹ yẹ ilẹ̀ wò. Ẹ gé náílọ́ọ̀nù bí ẹsẹ̀ méjì sí méjì, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí ẹ̀ pa mọ́ sìmẹ́ńtì, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú ọjọ́ kejì. Tí omi bá sẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, bíríkìlà tó da Jámáànì flọ́ọ̀ yẹn ò tẹ́ náílọ́ọ̀nù sábẹ́ ẹ̀, ilẹ̀ á máa fi omi rán igi láti ìsàlẹ̀, ẹ jáwọ́ tàbí kẹ́ ẹ wá nǹkan dí i kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú. Àbúrò, ìwọ gan-an tó o ní sìmẹ́ńtì ń họ, ṣe èyí lónìí.

Gọ́ọ̀mù funfun tí a fi ń ṣe àga kọ́ o. Omi ló wà nínú ẹ̀, orí igi á mu ún, á sì wú lójú ẹ. Tó bá gbẹ tán, ó tún le gbagidi, kò ní jẹ́ kí igi mí. Wá èyí tó máa ń fà bíi rọ́bà tó bá gbẹ, tí wọ́n fi ń lẹ pákó mọ́ ilẹ̀. Tíìkì ní òróró nínú, gọ́ọ̀mù kì í fẹ́ mú un, rẹ aṣọ sínú tínà kó o nu ìdí ìkọ̀ọ̀kan kó o tó lẹ̀ ẹ́. Ìkọ̀ọ̀kan o, gbogbo 1,058.

Má ṣe bíi tèmi tó fún un mọ́ra. Ìǹṣì mẹ́ta àbọ̀, tó bá wú ní ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, kò ju bíi mìlímítà kan lọ, káàdì ATM tó ti kú fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nípọn. Fi káàdì sáàárín bó o ṣe ń tò ó lọ, kó o máa yọ ọ́. Àǹtí tó ní abẹ́rẹ́ á máa wọ inú àlàfo yẹn, òótọ́ lẹ sọ, mi ò tiẹ̀ rò ó, torí káfíńtà kì í wá abẹ́rẹ́. Ẹ yọ́ abẹ́là pọ̀ mọ́ òróró lẹ́ńsíìdì (òróró tí káfíńtà fi ń kun igi) díẹ̀, ẹ fi lẹ́búlẹ́bú tíìkì yẹn pò ó, ẹ fi dí i. Ó máa ń rọ̀, igi á wú, á tì í, kò ní fọ́. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì funfun dí i bíi ti táìlì, ọdún kan ò ní pé tẹ́ ẹ máa gbá a dànù.

Òróró tó máa fi parí ẹ̀, má ṣe ká owó ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kun tábìlì. Ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́, ńṣe ló máa dà bí ẹni da omi sí yanrìn. Ẹ̀ẹ̀kejì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú. Àwọ̀ ẹ̀ á dúdú ju bó o ṣe rò ó lọ, gbìyànjú ẹ̀ lórí èyí tó bàjẹ́ ná.

Ta ló tiẹ̀ ní kó fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti jóná kùn ún? Mo mọ̀ pé òpó ọgbà la fi ń kùn, ikán ń sá fún un. Àwọn ilé iṣẹ́ tí mo sọ yẹn náà rẹ tiwọn sínú ọ̀dà kó má baà jẹrà. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni èyí. Léèsì ìyàwó ẹni máa bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, á wá rùn bíi ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, iná kékeré kan á sì jẹ gbogbo ẹ̀.

———

Bàbá tó béèrè bóyá òun lè tò ó sílé adìẹ: ẹ má ṣe é, sà. Ó máa ń mu ìtọ̀ bó ṣe ń mu omi. Nígbà tí London kún fún ẹṣin, tí oòrùn bá mú, títì onígi yẹn ń rùn débi pé wọ́n ń bú u káàkiri. Yanrìn àti sọ́dọ́ọ̀sì tó fún yín sà. Ilé ìwẹ̀, rárá pẹ̀lú.

———

"Ẹ̀gbọ́n káfíńtà, èmi télọ̀ ni mo padà dé. Mo wọn òpó, mẹ́ta àbọ̀ ni lóòótọ́, ọ̀kan nínú wọn ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo lẹ náílọ́ọ̀nù mọ́lẹ̀, inú lọ́hùn-ún gbẹ, apá ẹnu ọ̀nà ló tutù díẹ̀. Onítáìlì gbà láti ṣe ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo ti ní kí wọ́n gé òpó kan wò. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí lẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Oníbàárà ti ń dà mí láàmú."

Apá ẹnu ọ̀nà tó tutù yẹn, táìlì náà ló ń lọ síbẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Má tíì lẹ ohunkóhun. Ọdún mẹ́rin lábẹ́ páànù, etí òpó ti gbẹ, àárín ẹ̀ ò dájú. Mú 10 nínú èyí tí wọ́n gé, kó o di wọ́n sínú náílọ́ọ̀nù kan, lọ bẹ ìyá tó ń ta ẹja yìnyín kó bá ẹ gbé e sórí ìwọ̀n. Kọ ọ́ sílẹ̀. Yọ wọ́n kúrò nínú náílọ́ọ̀nù, tò wọ́n sórí pákó nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ kí afẹ́fẹ́ máa gba àárín wọn, má sá wọn sóòrùn o, wọ́n á là. Ọ̀sẹ̀ kan, gbé wọn padà lọ. Ìgbà tí ìwọ̀n ò bá já mọ́ lọ́sẹ̀ méjì léra, ìgbà yẹn la tó bẹ̀rẹ̀.

———

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kílò kan àti 620 gíráàmù. Èkejì, kílò kan àti 480. Ti àná, kílò kan àti 430. Ìyá ẹlẹ́ja ní ṣé mo fẹ́ máa ta igi ni."

Ó ṣì ń já. Sọ fún ìyá ẹlẹ́ja pé kó fara dà á sí i. Ní kí wọ́n gé òpó mẹ́jọ tó kù báyìí kí gbogbo ẹ̀ jọ máa gbẹ, kó o sì bá mi wo òpó tí kò tó mẹ́ta àbọ̀ yẹn, tó bá yàtọ̀ sáwọn yòókù ju sísanra káàdì ATM kan lọ, ìlà tiẹ̀ nìkan ni kó o tò ó sí, lápá ògiri ẹ̀yìn tí tábìlì máa bò mọ́lẹ̀.